Fùláwà dín ní sítọ̀ békárì: ṣé a lè fi owó oṣù òṣìṣẹ́ dí i?

Oníbúrẹ́dì Tákié

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin iṣẹ́. Békárì kan ni ọ̀rọ̀ wà, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú sítọ̀ ti lo ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì. ₦78,000 ni owó oṣù rẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ọjọ́ Àìkú ni ìsinmi. Ẹnu la fi gbà á síṣẹ́, kò sí lẹ́tà. Nígbà tí a ka ẹrù lóṣù yìí, àpò fùláwà mẹ́ta àti páálí bọ́tà kan ò sí níbi tó yẹ kí wọ́n wà. ₦210,000 ni gbogbo rẹ̀. Òun ní òun ò mọ̀dí ẹ̀.

A ní kó máa lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti ṣe nínú oṣù. Owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa, ìwé ẹ̀rí WAEC rẹ̀ náà wà nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń pè, ó ní kóòtù ló máa parí ẹ̀.

Ṣé owó tó kù lọ́wọ́ wa lè dí fùláwà yẹn? Ṣé ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ ẹ̀ tún lẹ́tọ̀ọ́ sí nótíìsì? Kóòtù wo ló sì máa ń gbọ́ ẹjọ́ békárì kékeré bí irú èyí?

Lọ́yà Ìjerù

Ọ̀gá, ẹ ti so nǹkan méjì pọ̀ tí òfin ò so pọ̀. Owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti di ti ọmọ náà. Ó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀. ₦210,000 ní tiẹ̀ jẹ́ gbèsè tí ẹ̀yin sọ pé ó jẹ yín, òun sì ní òun ò jẹ. Ẹ ò lè jẹ́ olùpẹ̀jọ́ kí ẹ tún jẹ́ adájọ́, kí ẹ sì tún jẹ́ akápò tó ń gba owó ìtanràn.

Labour Act, òfin iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní 1974 tí a ṣì ń lò, sọ ọ́ ní abala karùn-ún. Tí nǹkan agbanisíṣẹ́ bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù, ó lè yọ owó tó mọ níwọ̀n nínú owó oṣù, àmọ́ ohun méjì gbọ́dọ̀ wà ńlẹ̀: kó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni tàbí pé kò náání iṣẹ́ ẹ̀, kí ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Mínísírì Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ (Ministry of Labour) sì ti fọwọ́ sí i ní kíkọ *kí* ẹ tó yọ ọ́. Tí ẹ bá ti yọ ọ́ kí ẹ tó lọ bá wọn, kò bá òfin mu mọ́. Ìyọkúrò gbogbo lóṣù kan kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Nínú ₦78,000, ₦26,000 nìyẹn.

Ibi tí irú ẹjọ́ yìí ti sábà ń tú mọ́ agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ ni kọ́kọ́rọ́. Békárì ń ṣiṣẹ́ lóru. Ẹni tó ń po fùláwà lágogo méjì òru kì í pe onísítọ̀ jí nílé kó wá ṣílẹ̀kùn. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti di méjì, lọ́yà ọmọ náà máa bi yín léèrè: ta ló wọlé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì? Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé àpò mélòó ló jáde? Kíkà tí ẹ ṣe, ṣé ọmọ náà dúró níbẹ̀, ṣé ó fọwọ́ sí ìwé kíkà? Ìwé tí dẹ́rẹ́bà tó gbé fùláwà wá fi sílẹ̀ ńkọ́, ṣé iye àpò tó wà nínú ẹ̀ bá ìwé sítọ̀ mu lọ́jọ́ tí ẹrù dé? Tí ẹ ò bá rí ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má darúkọ olè rárá.

Ti nótíìsì: bí kò bá sí lẹ́tà, ìyẹn ò ní kí àdéhùn má sí. Àdéhùn ẹnu dúró lábẹ́ òfin. Ohun tí ẹ ṣẹ̀ ni pé abala keje ní kí ẹ kọ àwọn ohun pàtàkì iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un láàárín oṣù mẹ́ta tó wọṣẹ́: orúkọ agbanisíṣẹ́, iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, owó àti bí ẹ ṣe ń ṣírò ẹ̀, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, bí àìsàn bá dé, àti iye ọjọ́ nótíìsì. (Owó ìtanràn tí òfin kọ fún ẹni tó bá rú apá yẹn nígbà àkọ́kọ́ kò ju ₦800 lọ. Owó búrẹ́dì ńlá kan yín ju ìyẹn lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ò fi kà á sí. Kì í ṣe ìtanràn ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù; àìsí ìwé yẹn gan-an ló máa dùn yín ní kóòtù.)

Nígbà tí àdéhùn ò ti sọ nǹkan kan, abala kọkànlá ló máa dí àlàfo. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, nótíìsì ọjọ́ kan. Oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Ọmọ tiyín wà ní ipò ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ lè fún un lówó dípò àkókò náà.

Òótọ́ ni pé ẹni tó bá hùwà tó burú jáì, bí olè jíjà, ẹ lè lé e láìsí nótíìsì. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni lójú kóòtù náà. Kúẹ́rì ní kíkọ ló máa ń ṣáájú, ẹ̀sùn inú ẹ̀ á ṣe kedere (ọjọ́, iye àpò, ìwé tó tọ́ka sí), ẹ fún un ní wákàtí 48 ó kéré tán kó fèsì, ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀ níwájú ẹlòmíì tí ọ̀rọ̀ ò kàn, ẹ wá pinnu. Ẹ ò ní láti dúró de ìgbà tí kóòtù ọ̀daràn bá dá a lẹ́bi kí ẹ tó fòpin sí iṣẹ́ ẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá ti kọ ìdí kan sínú lẹ́tà, ẹ̀yin lẹ máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ̀rí ò bá ṣe déédéé, lẹ́tà tó ní “a kò nílò iṣẹ́ rẹ mọ́, owó ọ̀sẹ̀ méjì rẹ rè é” sàn ju èyí tó ní “o jí fùláwà” lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Akáǹtì Arada

Lọ́yà ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún ìṣirò ₦26,000 yẹn ṣe díẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó *oṣù náà* ni òfin sọ. Lóṣù yìí, ọmọ náà ò gba ₦78,000. Díẹ̀ ju ìdajì oṣù lọ ló ṣiṣẹ́.

Ẹ fi 26 pín ₦78,000, torí ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ yín: ₦3,000 lójúmọ́. (26 kì í ṣe òfin, àṣà ìṣirò ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ á lo 22. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni kí ẹ fi 30 pín nígbà tí ẹ bá ń san, kí ẹ wá fi 26 pín nígbà tí ẹ bá ń yọ owó ẹni tí kò wá sí iṣẹ́.) Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ₦45,000. Nótíìsì ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá, ₦36,000. Ìsinmi ọdún ńkọ́? Ẹni tó bá ti pé oṣù méjìlá lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó, ó kéré tán. Tí kò bá lọ ìsinmi ọdún kẹta, ₦18,000 tún wà níbẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦99,000. Tí ẹ bá lé e nítorí ìwà burúkú tí ẹ sì rí i fìdí múlẹ̀, ₦36,000 nótíìsì á jáde, á ku ₦63,000.

Ìdá kan nínú mẹ́ta ₦45,000 jẹ́ ₦15,000. Kódà bí ọ̀gá Mínísírì Iṣẹ́ bá fọwọ́ sí i, ibi tí ẹ lè dé lórí owó iṣẹ́ oṣù yìí nìyẹn. Ìyókù, ẹ lọ gbà á ní kóòtù bí ẹ bá lérò pé ẹ lè borí.

Mo tún fẹ́ kí ẹ wo ohun tí àwọn békárì kan ń ṣe: búrẹ́dì tí kò tà ni wọ́n ń kó fún òṣìṣẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n kà á mọ́ owó oṣù. Abala kìn-ín-ní Labour Act ti pa ìyẹn rẹ́. Owó ni owó oṣù. Ẹ fún wọn ní búrẹ́dì bí ẹ bá fẹ́, ẹ má kọ ọ́ sí ìwé owó oṣù.

Tí owó orí bá wà lára ohun tí ẹ ń yọ: láti January 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kò ní owó orí mọ́. ₦78,000 lọ́nà méjìlá jẹ́ ₦936,000. Ohun tó lé jẹ́ ₦136,000, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ ₦20,400 lọ́dún, ₦1,700 lóṣù. Tó bá mú rìsíìtì owó ilé rẹ̀ wá, ó tún dín sí i. Tí ẹ bá ń yọ ju ìyẹn lọ, ẹ ń jẹ ẹ́ ní gbèsè. Tí ẹ bá yọ ọ́ tí ẹ ò sì san án fún àjọ owó orí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e, ìyẹn tún burú ju kí ẹ má yọ ọ́ lọ.

Oníbúrẹ́dì Tákié

Ẹ ṣeun púpọ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni o, mi ò ní purọ́. Ọ̀gá tó ń po fùláwà ní ọ̀kan. Àmọ́ àwọn kan níbí ní kí n kàn lọ bá ọlọ́pàá, pé wọ́n á mú ọmọ náà tàbí onídùúró ẹ̀, owó á sì jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ kóòtù náà ò tíì yé mi, torí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń sọ pé kóòtù ìbílẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Lọ́yà Ìjerù

Tí ẹ bá gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ó jí nǹkan, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ṣèwádìí ọ̀daràn. Ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n bá yín gba gbèsè. Òfin ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí ọ̀rọ̀ owó tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Abala 36 sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹlòmíì dípò ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn, ìyẹn ni pé ìyá rẹ̀ ò ṣe é mú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ṣe é mú. Onídùúró ńkọ́? Ohun tó kọ sínú ìwé ìdúró ló dè é. Bó bá kọ pé òun á san, gbèsè ni, ẹ pè é lẹ́jọ́ lórí ẹ̀. Ẹ ò lè tì í mọ́lé.

Bí ọmọ náà bá san ₦210,000 ní téṣàn, tó sì wá lọ sọ ní kóòtù lẹ́yìn náà pé wọ́n fipá gbà á ni, ẹ máa dá owó padà, ẹ tún lè san owó gbà-má-bínú lé e. Ẹ ò sì ní lè fi ìwé tó kọ ní téṣàn ṣẹ̀rí dáadáa.

Ti kóòtù: láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe ní ìgbà kẹta, tí àtúnṣe náà di òfin ní 2011, abala 254C gbé gbogbo ẹjọ́ tó jẹ mọ́ iṣẹ́, owó oṣù àti ìfòpinsíṣẹ́ fún National Industrial Court nìkan. Ẹ̀ka rẹ̀ kan wà ní Ìbàdàn. Kóòtù ìbílẹ̀ ò lágbára lórí ẹ̀, májísíréètì ò ní, kóòtù gíga ìpínlẹ̀ náà ò ní. Tí wọ́n bá gbé e lọ síbẹ̀, oṣù mẹ́fà lè kọjá kí adájọ́ tó sọ pé ọ̀rọ̀ ò kan òun, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ẹ má yọ̀ síyẹn o. Owó ọ̀nà Ìbàdàn àti owó lọ́yà ń bọ̀ lọ́rùn ẹ̀yin méjèèjì. ₦99,000 lẹ̀ ń jà lé.

Kóòtù náà kì í sábà dá òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni padà sẹ́nu iṣẹ́. Owó tó yẹ kó gbà tí ẹ bá fún un ní nótíìsì, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ tó ti ṣiṣẹ́ fún, ló máa ń dá lé. Àmọ́ wọ́n ní agbára láti fi owó lé e tí ìwà agbanisíṣẹ́ bá burú, àti pé ìwé ẹ̀rí WAEC nínú dúrọ́ọ̀ jẹ́ irú ohun tí adájọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Kò sí òfin tó fún yín láṣẹ láti fi í dógò. Ẹ dá a padà lónìí, kó fọwọ́ sí i pé òun gbà á.

Tíṣà Àkẹ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti Ọ̀yọ́ níbí. Ilé ìwé aládàáni, òṣìṣẹ́ 31 pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ àti àwọn tó ń gbálẹ̀. Wọ́n ń san ₦38,000 fún tíṣà. Wọn kì í san July àti August. Lẹ́tà ní tíṣà tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ fún wọn ní nótíìsì tááàmù kan, àmọ́ ilé ìwé lè lé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan tí lọ́yà kà sókè yẹn kàn wá?

Alága Ẹ̀ka

Kò kàn yín, ibi tí ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń ṣìnà nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tí Labour Act ń sọ ni ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tàbí iṣẹ́ akọ̀wé. Onísítọ̀ békárì wọ̀ ọ́, ẹ̀ṣọ́ ilé ìwé yín wọ̀ ọ́. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, máníjà, injiníà, wọ́n wà lóde ẹ̀. Lẹ́tà yín ni òfin yín, ohun tí ẹ fọwọ́ sí lẹ máa jẹ. Tí lẹ́tà bá ní tááàmù kan, tí tíṣà sì kàn dìde lọ, ilé ìwé lè bèèrè owó àkókò yẹn. Bí kò bá sọ iye ọjọ́ rárá, àkókò tó bọ́gbọ́n mu ni kóòtù máa wò, bí wọ́n ṣe ń sanwó sì máa ń ṣe atọ́nà: ẹni tó ń gba owó oṣooṣù, oṣù kan kì í jìnnà.

July àti August: ẹ ka lẹ́tà náà wò. Bó bá ní “owó oṣù rẹ jẹ́ ₦38,000” láì sọ ìgbà tó máa dúró, ìsinmi ilé ìwé ò dá iṣẹ́ dúró, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà. Bó bá ní iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní September ó sì parí ní July, tí wọ́n sì ń fún yín ní lẹ́tà tuntun lọ́dọọdún, ó nira.

Àmọ́ ₦38,000 gan-an ni kí ẹ dojú kọ. Owó oṣù tó kéré jùlọ di ₦70,000 ní July 2024. Òfin yẹn yọ ibi tí òṣìṣẹ́ ò tó 25 sílẹ̀, ó yọ iṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ àti iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó lé lórí iye tí èèyàn bá ṣe. Ìdí nìyẹn tí békárì òkè yìí, òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án, fi bọ́. Ilé ìwé tó ní 31 ò bọ́. ₦32,000 ló ń dín lóṣù lórí tíṣà kọ̀ọ̀kan. Àwọn onílé-ìwé mọ nọ́ḿbà 25 yìí dáadáa, àwọn míì ti ń pín ilé ìwé kan sí méjì lórí ìwé, “nọ́sìrì” lọ́tọ̀, “sẹ́kọ́ńdírì” lọ́tọ̀. Ẹ tọ́jú àlẹ́ẹ̀tì báǹkì: tó bá jẹ́ àkáǹtì kan náà ló ń san gbogbo yín, ẹ̀rí gidi nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ tó bá ti tó 15 sókè tún mú owó ìfẹ̀yìntì dání. Agbanisíṣẹ́ á san ìdá 10, òṣìṣẹ́ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí owó náà sì wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá sanwó oṣù. Tí wọ́n bá ń yọ ìdá 8 yín tí ẹ ò rí i lórí fóònù láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì.

Kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni, ẹ kó ìwé jọ. Lẹ́tà, sítéétímẹ́ǹtì báǹkì oṣù méjìlá, fọ́tò ìwé tí ẹ ń fọwọ́ sí láàárọ̀, ọ̀rọ̀ WhatsApp. Ti WhatsApp yìí, kóòtù ń gbà á, àmọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde gbọ́dọ̀ fi ìwé ìjẹ́rìí abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 tì í, tó ń sọ irú fóònù àti kọ̀ǹpútà tó lò. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó dára ti bàjẹ́ torí bébà kan ṣoṣo yẹn. Ẹ má sì pa fóònù tí ọ̀rọ̀ náà wà lórí ẹ̀ tì.

Akáǹtì Arada

Ọ̀gá oníbúrẹ́dì, ìbéèrè kan tí ẹ ò bèèrè: ṣé ẹ ń san owó NSITF, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́? Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù ni, lábẹ́ òfin ti 2010. Tí owó àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá jẹ́ ₦600,000 lóṣù, ₦6,000 ni. Ẹ ò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára òṣìṣẹ́. Ibi tí iná ààrò àti ẹ̀rọ tó ń po fùláwà wà, ọwọ́ máa ń jóná, ìka máa ń há. Òṣìṣẹ́ á sọ fún yín láàárín ọjọ́ 14, ẹ̀yin á sì fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ méje. Ẹni tí kò san án, àpò tiẹ̀ ni owó ọsibítù ń jáde.

Oníbúrẹ́dì Tákié

Ó yé mi. A máa dá ìwé ẹ̀rí ẹ̀ padà lọ́la. Ṣé kí n san ₦99,000 yẹn lówó, kó lè tètè parí?

Lọ́yà Ìjerù

Ẹ má san án lówó. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀, kí ẹ kọ “owó iṣẹ́ ọjọ́ 15, nótíìsì àti ìsinmi ọdún” sí ibi àlàyé. Ẹ ṣe ìwé ojú kan, ẹ̀dà méjì: iye owó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pé ó ti gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀, pé kò sí ohun tó kù láàárín yín lórí iṣẹ́ náà. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, kí ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ yín náà fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ Yorùbá ló yé e jù, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Tí ó bá jẹ́ gẹ̀ẹ́sì lẹ kọ, kí ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ fún un kọ orúkọ àti ọjọ́ sí ìsàlẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ dá ẹ̀tọ́ yín lórí fùláwà sí, ẹ má kọ gbólóhùn “kò sí ohun tó kù” yẹn. Ẹ ò lè ní méjèèjì. Àti pé ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ kí onísítọ̀ tuntun tó wọlé; kí ẹni tó ń po fùláwà lálẹ́ máa kọ iye àpò tó gbé sínú ìwé, kí onísítọ̀ fọwọ́ sí i láàárọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé búrẹ́dì.